Bí a ṣe lè kan ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré nílé, kí omi má sì wọ ibi tí kò yẹ

Ọkọ̀ tí a fẹ́ kàn yìí kì í gbé ènìyàn. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35, ìbú rẹ̀ 25, gíga rẹ̀ 20, ọwọ́ kan sì tó gbé e. Páìpù oníke ni egungun rẹ̀, mọ́tò oníná kékeré mẹ́ta ló ń tì í, kámẹ́rà kan wà níwájú rẹ̀, okùn wáyà kan ló sì so ó mọ́ bátìrì àti súìṣì tó wà lọ́wọ́ ẹni tó dúró sétí omi. Ẹ lè fi wá kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ lè fi wo abẹ́ ọkọ̀ ojú omi láìbọ́ aṣọ, ẹ sì lè jókòó kí ẹ kàn máa wo ẹja. Fún mi o, kò sí ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe rí tó dùn mọ́ mi tó kí n máa rí ìsàlẹ̀ omi láti ojú rẹ̀.

Ọ̀nà tí mo ń tọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní 2003, MIT Sea Grant, ẹ̀ka ìwádìí òkun ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní SeaPerch, pẹ̀lú owó láti Office of Naval Research, ọ́fíìsì ìwádìí àwọn ọmọ ogun ojú omi ibẹ̀, kí àwọn ọmọ ilé ìwé lè fi ohun tí wọ́n rà ní ìsọ̀ púlọ́mbà kan ọkọ̀ abẹ́ omi. Egungun páìpù, mọ́tò mẹ́ta, bátìrì fóòtì 12, àti ìda tí a yọ́ yí mọ́tò ká nínú ìgò kékeré tí wọ́n ń kó fíìmù kámẹ́rà sí láyé àtijọ́. Mo tẹ̀lé e, mo sì yí ibi tí ọjà wa kò bá ti bá a mu padà.

Kí ẹ tó mú ayùn, ẹ jẹ́ kí nǹkan kan yé wa, nítorí òun ni gbogbo iṣẹ́ yìí rọ̀ mọ́. Ẹ má ṣe bá omi du gbogbo ara ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kó wọ gbogbo ibi tí kò lè bà jẹ́, kí ẹ wá fi ìda, ọ̀rá tàbí gọ́ọ̀mù líle kún ibi tó kù, tó fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló máa ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀ náà. Afẹ́fẹ́ ló ń sún kì nígbà tí omi bá tẹ̀ ẹ́, ìgbà tó bá sì sún kì ni omi ń rí àyè wọlé. Bí omi bá tẹ ìda, kì í sún kì, gọ́ọ̀mù Araldite tó ti gan náà kì í sún kì, omi fúnra rẹ̀ náà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sún kì rárá.

Ẹ wo bí agbára omi ṣe pọ̀ tó. Bí a bá ti ń lọ sísàlẹ̀, gbogbo mítà 10 ń fi ìwúwo kílò 1 kún orí sẹ̀ǹtímítà 1 níbùú lóròó. Tí ẹ bá ní àpótí tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10, ìdérí yẹn ń ru kílò 10 ní mítà 1 péré. Ní mítà 5, ó ti ń ru kílò 50, ìyẹn odidi àpò símẹ́ǹtì kan. Ní mítà 10, àpò méjì. Abọ́ oníke tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí fíríìjì, tí omi òjò kò wọ̀, kò ní dúró lábẹ́ àpò símẹ́ǹtì méjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí àpótí gbígbẹ mọ ní ìwọ̀nba, tó bá sì ṣeé ṣe, kí ó má sí rárá.

Ẹni tó bá ń ronú láti kan èyí tí yóò wọ̀ fúnra rẹ̀, mi ò ní kọ́ ọ, mo sì fẹ́ kó gbọ́ ìdí. Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹfà, 2023, ọkọ̀ abẹ́ omi Titan fọ́ mọ́ ènìyàn márùn-ún lára lójú ọ̀nà ibi tí ọkọ̀ ojú omi Titanic rì sí, gbogbo wọn ló sì kú. Ilé iṣẹ́ ló kàn án, kì í ṣe ẹnì kan nínú gáréèjì. Kódà níbi tí omi kò jìn, èémí tí ènìyàn ń mí jáde nínú ibi tó há lè pa á kí omi tó kàn án rárá. Ọkọ̀ wa, tó bá bàjẹ́, a pàdánù páìpù àti mọ́tò ni, a ó tún òmíràn kàn.

Ohun tí ẹ máa rà

Ní ìsọ̀ púlọ́mbà: páìpù PVC ààbọ̀ íǹṣì tó mítà 4, ẹ́líbò àti tíì rẹ̀ (ẹ ra méjì méjì lé sí i), gọ́ọ̀mù páìpù tí gbogbo ayé ń pè ní Tangit, àti páìpù íǹṣì 2 tó nípọn, bíi sẹ̀ǹtímítà 40, pẹ̀lú ìdérí mẹ́rin. Páìpù omi ẹ̀rọ ni kí ẹ béèrè. Èyí tí wọ́n fi ń da omi ìdọ̀tí nù fẹ́lẹ́ jù.

Mọ́tò pín sí oríṣi méjì. Àkọ́kọ́ ni páǹpù fóòtì 12 tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi fi ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀. Wọ́n ti dí i pa láti ilé iṣẹ́. Ẹ ó kàn yọ ike iwájú rẹ̀, ẹ ó sì fi abẹ̀bẹ̀ kékeré sí orí ọ̀pá rẹ̀. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ó dín iṣẹ́ kù gan-an. Èkejì ni mọ́tò kékeré fóòtì 12 inú ohun ìṣeré ọmọdé tàbí inú ẹ̀rọ àtijọ́, èyí tí a máa fi ìda dí fúnra wa. Mo gba ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó lo èkejì, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí wà.

Kámẹ́rà tí wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́, pẹ̀lú ojú tẹlifíṣọ̀n kékeré rẹ̀, pọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó, ó sì ń jẹ fóòtì 12 bíi ti àwọn mọ́tò wa. Bátìrì fóòtì 12 tí kò ní omi nínú, ámpì wákàtí 7 (7Ah), irú èyí tó ń wà nínú UPS tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ, àti súìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà mẹ́ta, fíúsì àti ilé rẹ̀, ẹ ó rí gbogbo wọn ní ọjà Alábà. Ẹ fi Araldite, àbẹ́là funfun, Vaseline, tépù oníná, lẹ́ẹ̀dì tí a ń yọ́ láti fi so wáyà pọ̀, àti irin ìjólẹ́ẹ̀dì kún un.

Ìgbésẹ̀ 1: Egungun

Ẹ gé páìpù ààbọ̀ íǹṣì kí ẹ lè rí igun mẹ́rin méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí ọ̀pá mẹ́rin dúró láàárín wọn. Ẹ fi tíì sí àárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì níbi tí mọ́tò máa jókòó sí, kí ẹ sì na ọ̀pá kan gba àárín òkè kọjá fún mọ́tò kẹta. Ẹ má tíì fi Tangit kàn án. Ẹ kàn kì wọ́n bọ ara wọn, kó ṣeé tú títí ìdánwò yóò fi parí, nítorí ó dájú pé ẹ ó sún nǹkan kan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi dírílù lu ihò mílímítà 6 sára gbogbo páìpù, lókè àti nísàlẹ̀, nítòsí igun kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé à ń bà á jẹ́. Ihò yìí ni omi ń gbà wọlé, òun náà ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Tí kò bá sí, afẹ́fẹ́ yóò há sí igun kan, ọkọ̀ yóò máa léfòó lónìí, yóò máa rì lọ́la, ẹ kò sì ní mọ ìdí.

Ìgbésẹ̀ 2: Mọ́tò nínú ìda

Ẹ fi sùúrù ṣe èyí, nítorí òun ló gba ọgbọ́n jù.

Ẹ kọ́kọ́ fi bátìrì dán mọ́tò wò lórí tábìlì. Ẹ jó wáyà méjì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì jó kapásítọ̀ kékeré tí wọ́n kọ 104 sí lára mọ́ àárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Mọ́tò ń dá ariwo iná sílẹ̀, ariwo yìí ni yóò sì máa fa ìlà gbọọrọ gbọọrọ sójú àwòrán kámẹ́rà. Kapásítọ̀ yìí ń pa á.

Ẹ fi tépù oníná wé mọ́tò náà yíká, kí gbogbo ihò ara rẹ̀ lè dí, kí ìda má baà ráyè wọ ibi tó ń yí. Ọ̀pá rẹ̀ nìkan ni kó yọ síta. Ẹ wá ìgò oògùn oníke tí ìdérí rẹ̀ ń lọ́, tó fẹ̀ ju mọ́tò lọ díẹ̀. Ẹ lu ihò sí ìdí ìgò náà fún ọ̀pá mọ́tò, kí ó mọ bí ọ̀pá náà gẹ́lẹ́, tó kàn ń jẹ́ kó yí. Ẹ lu òmíràn sí ìdérí fún wáyà.

Ní Amẹ́ríkà, ìda tí wọ́n fi ń dí ìdí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ni àwọn SeaPerch ń lò, nítorí ó rọ̀, ó sì ń lẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa ni àbẹ́là. Àbẹ́là nìkan kò dára: bó bá ti ń tutù ni ó ń sún kì, ó sì ń là, ojú ibi tó là sì ni ọ̀nà omi. Ẹ po Vaseline mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa kán an sórí àwo tútù láti dán an wò. Bí ẹ bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́ tó gba ojú èékánná láìfọ́, ó ti tó. Ẹ yọ́ ọ nínú agolo tí ẹ gbé sínú ìkòkò omi gbígbóná. Ẹ má gbé ìda lé iná lásán rárá, nítorí ó ń gbiná bí epo, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé dá a ṣe.

Kí ẹ tó ti mọ́tò sínú ìgò, ẹ ti Vaseline sí ìdí ìgò náà dáadáa, kí ọ̀pá lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Vaseline yìí ló ń dá omi dúró níbi tí ọ̀pá ti ń yí, níbi tí a kò lè fi gọ́ọ̀mù kankan dí. Ẹ ti mọ́tò wọlé, kí ẹ wá da ìda lé e ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ dà á dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò, ẹ gbọn ìgò náà jẹ́jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, kí ẹ tún dà. Bó ṣe ń tutù, ẹ máa fi ọwọ́ yí ọ̀pá mọ́tò lóòrèkóòrè kó má baà lẹ̀. Nígbà tó bá kún dé ẹnu, ẹ dé ìdérí rẹ̀ pa, kí ẹ sì fi Araldite dí ihò wáyà.

Ohun tó mú kí ọ̀nà yìí ṣiṣẹ́ ni pé omi tó bá tilẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá yọ́ wọlé kò rí àyè tí yóò kún. Gbogbo inú ìgò ti kún. Ẹ kàn rántí pé oòrùn ọ̀sán nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ lè mú kí ìda yìí rọ̀, nítorí náà ẹ má fi ọkọ̀ yín síbẹ̀.

Ẹ fi kílíìpù onírin tàbí okùn ike so mọ́tò méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n kọjú sẹ́yìn, kí ẹ sì gbé ìkẹta dúró ní àárín, kí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ máa fẹ́ omi sókè sódò. Méjì ẹ̀gbẹ́ ló ń gbé e lọ síwájú tó sì ń yí i. Àárín ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tó ń gbé e gòkè. Ibi tí abẹ̀bẹ̀ ń fẹ́ sí kò gbọdọ̀ kọ lu páìpù.

Ìgbésẹ̀ 3: Okùn wáyà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń béèrè ìdí tí a kò fi lo rìmóòtù tàbí Wi-Fi. Omi ń mu ìgbì rédíò. Wi-Fi kò lè rìn tó mítà kan nínú rẹ̀. Nítorí náà, wáyà ni ẹ̀mí ọkọ̀ wa.

Wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì, Cat5, ló wọ́pọ̀ jù fún èyí. Wáyà mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀: mẹ́fà fún mọ́tò mẹ́ta, méjì tó kù láti gbé iná fún kámẹ́rà. Wáyà fídíò kámẹ́rà yóò rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi tépù so wọ́n pọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Ẹ fi abẹ fá ara wáyà kan. Bó bá pọ́n dénú, bàbà ni. Bí funfun bá yọ lábẹ́ pípọ́n, aluminíọ́mù ni wọ́n kùn, yóò jẹ iná yín, yóò sì tètè já.

Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń jẹ iná. Fún Cat5 gidi, ní mítà 10, àlọ àti àbọ̀, mọ́tò tó ń fa ámpì 2 ń pàdánù nǹkan bíi fóòtì 3.4, fóòtì 8.6 péré ni yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní mítà 15, fóòtì 7. Ní mítà 20, ó ju ìdajì lọ tí yóò ṣòfò sójú ọ̀nà. Tí ẹ bá fẹ́ kó gùn ju mítà 15 lọ, ẹ yí padà sí wáyà tí wọ́n fi ń so sípíkà, ojú 0.75. Ní mítà 20, kò ní jẹ ju fóòtì 2 lọ, àmọ́ ó wúwo, ó sì ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Fún ìbẹ̀rẹ̀, Cat5 mítà 10 tó.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà kì í mẹ́nu bà. Wáyà tí òwú bàbà pọ̀ nínú rẹ̀ ń rọ̀, kì í tètè já, ṣùgbọ́n omi ń gba àárín àwọn òwú náà. Bí èèpo wáyà bá bó níbì kan lábẹ́ omi, omi lè gba inú rẹ̀ rìn títí wọ ibi tí ẹ rò pé ẹ ti dí, bí ẹ tilẹ̀ fi Araldite bo ìta rẹ̀ bó ti wù kó nípọn tó. Ẹ dí i láti inú. Níbi tí wáyà bá ti fẹ́ wọ ìgò tàbí àpótí, ẹ bó èèpo rẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 1, ẹ jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì yíyọ́ mu àárín gbogbo òwú náà, kí ẹ wá ri ibi tí ẹ bó yẹn mọ́ inú Araldite. Ògiri tí omi kò lè gbà kọjá nìyẹn.

Gbogbo ojú ìsopọ̀ tó bá máa wà lábẹ́ omi, ẹ jó o pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, ẹ fi Araldite bò ó nínú páìpù kékeré, kí ẹ tó fi tépù wé e. Tépù oníná nìkan kò dá omi dúró. Ẹ sì so okùn náà mọ́ egungun ọkọ̀ gbọingbọin, kó jẹ́ pé nígbà tí ẹ bá fà á, egungun ni ẹ ń fà, kì í ṣe ẹnu wáyà.

Ìgbésẹ̀ 4: Súìṣì àti bátìrì

Súìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà kọ̀ọ̀kan ń darí mọ́tò kan. Ẹ so mọ́tò mọ́ ẹsẹ̀ méjì àárín. Ẹ so iná bátìrì mọ́ ẹsẹ̀ méjì òkè. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wáyà kékeré méjì so ẹsẹ̀ òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ ní àgbélébùú: òkè ọ̀tún sí ìsàlẹ̀ òsì, òkè òsì sí ìsàlẹ̀ ọ̀tún. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, mọ́tò yí síhìn-ín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó yí sọ́hùn-ún. Èyí tó ń padà sí àárín fúnra rẹ̀ ni kí ẹ rà.

Ẹ fi fíúsì ámpì 10 sí ẹ̀gbẹ́ orí pọ́sítíìfù bátìrì, kí ẹ tún fi fíúsì ámpì 3 sí ojú ọ̀nà mọ́tò kọ̀ọ̀kan, nítorí wáyà Cat5 kan kò lè ru ámpì 10 láìgbóná. Fóòtì 12 láti inú bátìrì nìkan ni kó wọ omi. Iná NEPA, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ tí a fi ń ṣájì bátìrì kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ etí omi. Bí bátìrì bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé fóòtì 11, ẹ dáwọ́ dúró. Bí mọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, kò ní tó wákàtí kan.

Ìgbésẹ̀ 5: Kámẹ́rà

Òjò kì í wọ kámẹ́rà ẹ̀yìn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe é fún mítà 5 lábẹ́ omi. Ẹ gé páìpù tó gbà á sínú, ẹ fi ojú díńgí oníke tó mọ́lẹ̀, tó nípọn tó mílímítà 5, lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀ pẹ̀lú Araldite, kí ẹ ti ojú kámẹ́rà mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, kí ẹ wá da Araldite sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ dà á ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí Araldite ṣe ń gan ni ó ń gbóná, bí ẹ bá sì da èyí tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ooru rẹ̀ lè ba kámẹ́rà jẹ́. Afẹ́fẹ́ tó kù níwájú kò ju bín-ín-tín lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ iná, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà. Nínú omi ẹlẹ́rẹ̀, iná tó bá ti ojú kan náà wá ń tàn sára èérún kéékèèké, gbogbo ojú àwòrán á sì funfun. Ẹ gbé e sí igun ọkọ̀, kó tan ní ẹ̀gbẹ́.

Tí ẹ bá ní láti ní àpótí gbígbẹ

Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà kékeré sínú ọkọ̀ kò lè bọ́ lọ́wọ́ èyí. Páìpù roboto ló yẹ, nítorí ohun roboto ń pín ìtẹ̀ omi káàkiri ara rẹ̀, nígbà tí àpótí onígun mẹ́rin ń tẹ̀ láàárín. Ẹ fi ọ́ríǹgì, ìyẹn òrùka rọ́bà, sí ẹnu ìdérí, kí ojú tó jókòó lé dán bọ̀rọ́. Irun orí kan tàbí èérún iyanrìn kan tó bá há sábẹ́ rẹ̀ ti tó fún omi. Ẹ fi gíríìsì pa á lára kó kàn máa dán. Gíríìsì tó pọ̀ jù ń kó ìdọ̀tí mọ́ra.

Ẹ má ṣe dé e nínú oòrùn. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ẹ dé mọ́ inú rẹ̀ yóò sún kì nígbà tó bá kan omi tútù, yóò sì máa fa omi wọlé. Ẹ dé e nínú ilé, níbi tó tutù, kí ẹ fi àpò kéékèèké tó ń mu ọ̀rinrin, èyí tó máa ń bá bàtà tuntun wá, sínú rẹ̀.

Láti dán an wò láìkan omi, ẹ so síríǹjì ńlá, mílílítà 60, mọ́ ihò kékeré kan lára rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fa síríǹjì náà sẹ́yìn, kí ẹ fi nǹkan gbé e dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá sáré padà sí ibi tó ti wá, kò jò. Bó bá dúró sí ibi tí ẹ fà á dé, afẹ́fẹ́ ti wọlé. Mo fẹ́ràn èyí ju kí a máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ lọ, nítorí ìta ló ń tẹ̀ ẹ́, bí omi yóò ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an, kò sì lè bú gbàmù lójú ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ 6: Kó má rì, kó má léfòó jù

Ọkọ̀ tó dára ń wà láàárín omi bí ẹja. Omi lítà kan jẹ́ kílò 1, nítorí náà, ohun tó bá gba àyè lítà kan nínú omi ń rí kílò 1 tó ń gbé e sókè. Ẹ gé páìpù íǹṣì 2 yẹn sí méjì, sẹ̀ǹtímítà 20 kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi Tangit lẹ ìdérí mọ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Bí ìta rẹ̀ bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 6, ọ̀kan ń gba àyè mílílítà 565, méjèèjì ń gbé nǹkan bíi kílò 1.13, kí ẹ tó yọ ìwúwo páìpù náà fúnra rẹ̀. Ẹ so wọ́n mọ́ òkè egungun, ọ̀tún àti òsì. Fóòmù rírọ̀ rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n ó ń fún pọ̀ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ọkọ̀ tó ń léfòó ní mítà 1 lè máa rì lọ ní mítà 8.

Ìwúwo wà nísàlẹ̀. Irin rọ́ọ̀dù mílímítà 12 tí àwọn bíríkìlà ń lò wọ inú páìpù ààbọ̀ íǹṣì dáadáa, mítà kan rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 888. Sẹ̀ǹtímítà 30 tí ẹ bá gé jẹ́ gíráàmù 266. Nígbà tí ohun fúyẹ́ bá wà lókè tí ohun wúwo wà nísàlẹ̀, ọkọ̀ kì í yí dànù.

Ẹ gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù omi, kí ẹ máa fi irin kún un, kí ẹ máa yọ, títí tí yóò fi ku sẹ̀ǹtímítà 1 orí páìpù tó ń léfòó níta omi. Kò gbọdọ̀ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wáyà bá já, tí mọ́tò dákẹ́, yóò léfòó padà wá bá yín fúnra rẹ̀.

Omi iyọ̀ wúwo ju omi odò lọ: lítà kan jẹ́ kílò 1.025. Ọkọ̀ tó gba àyè lítà 4 yóò rí gíráàmù 100 sí i tó ń gbé e sókè nínú òkun, nítorí náà irin tó tó nínú dúrọ́ọ̀mù kò ní tó níbẹ̀. Ọ̀sà Èkó tilẹ̀ ń yí padà: iyọ̀ rẹ̀ ń pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò sì ń fọ̀ ọ́ lọ. Ẹ gbé irin kéékèèké dání.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìdánwò, láti kékeré sí ńlá

Ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù fún òru ọjọ́ kan, láìtan iná. Bí àpótí bá wà, ó gbọ́dọ̀ ṣófo, kí ẹ fi tíṣù sínú rẹ̀. Tíṣù máa sọ òtítọ́ ní òwúrọ̀. Bó bá gbẹ, ẹ fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ sí ibi tó jìn díẹ̀, ní òfìfo náà, fún wákàtí kan. Ẹ máa dán an wò dé ibi tó jìn ju èyí tí ẹ fẹ́ lò ó sí lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí kámẹ́rà àti mọ́tò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tó mọ́, níbi tí ẹ ti lè rí i láti òkè. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti dára ni kí ẹ tó fi Tangit kan egungun pọ̀.

Omi gidi

Ẹ béèrè kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sínú omi ẹnikẹ́ni. Adágún Aṣẹ́jíre, fún àpẹẹrẹ, ni Ìbàdàn ń mu. Kò sí ẹni tó yẹ kó kàn ju nǹkan sínú rẹ̀ láìgba àṣẹ. Ní ibi ìdènà omi, ẹ jìnnà sí ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde, nítorí agbára ìfà ibẹ̀ ju mọ́tò wa lọ. Níbi tí àwọn apẹja bá wà, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ ibi tí àwọ̀n wà, wọ́n sì mọ ibi tí gbòǹgbò igi wà nísàlẹ̀. Bí koríko orí omi bá pọ̀, yóò wé mọ́ abẹ̀bẹ̀.

Ẹ máa ní ènìyàn méjì: ọ̀kan ń wakọ̀, ọ̀kan ń tú okùn sílẹ̀, tó sì ń kó o padà kó má baà ta kókó. Kí àwọn méjèèjì wọ ẹ̀wù ìléfòó. Bí ọkọ̀ bá há, ẹ fà á jẹ́jẹ́ láti ọ̀nà mìíràn. Bó bá kọ̀, ẹ gé okùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bọ́ sínú omi nítorí rẹ̀.

Bí ẹ bá ti gbé e jáde, ẹ rì í sínú omi tó mọ́ fún ìgbà díẹ̀, àgàgà bó bá ti inú ọ̀sà tàbí òkun wá, kí ẹ sì jẹ́ kí mọ́tò yí nínú omi náà láti fọ iyọ̀ kúrò. Ẹ gbọn ọ́n, ẹ gbé e sí ibòji kó gbẹ, ẹ fi Vaseline kún ẹnu ọ̀pá mọ́tò. Ẹ kọ iye irin tí ẹ lò ní omi ọjọ́ náà sínú ìwé. Mọ́tò tó bá ti ń dún bí ohun tó ń lọ iyanrìn, ẹ yọ́ ìda rẹ̀ kúrò, ẹ yọ ọ́ dànù, kí ẹ sì fi tuntun sínú ìgò kan náà.